Ta Ló Ń Di Fóònù Mú fún Ìyá?

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, akọ̀ròyìn ará Fáransé kan, Victor Castanet, gbé ìwé kan jáde tí ó pè ní Les Fossoyeurs, èyíinì ni àwọn agbẹ́sàréè. Ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìwé náà dá lé, pàápàá àwọn ilé tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Orpea. Ó ròyìn pé nínú ilé olówó ńlá kan ní Neuilly, lẹ́bàá Paris, níbi tí àwọn ẹbí ti ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò lóṣooṣù, ńṣe ni wọ́n ń ka ìlédìí fún àwọn arúgbó: mẹ́ta péré lóòjọ́, yálà ó tó tàbí kò tó. Ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ sẹ́. Ìjọba rán àwọn olùyẹ̀wò lọ. Nígbà tí ó sì di ìparí ọdún 2023, Caisse des Dépôts pẹ̀lú àwọn alábàáṣe rẹ̀ gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé àwọn arúgbó wọ̀nyí ní ọmọ. Àwọn ọmọ ń sanwó, wọ́n sì ń wá kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan, arúgbó tí a ti wẹ̀, tí a ti wọṣọ fún, ni yóò máa bá.

A ó ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, a ó sì fi òwe gbè é lẹ́yìn: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ òkété wà ní Kútọnu, ní Èkó, ní Libreville. Owó ni ó ń fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, yóò pè lórí WhatsApp: «Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà. Ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa?» Ìyá yóò ní a dúpẹ́. Ta ni ó di fóònù mú fún un? Ẹni náà gan-an tí a ń béèrè ìwà rẹ̀ ni.

Òfin Fáransé ti ọjọ́ 7 oṣù Èrèlé ọdún 2022 sọ ohun kan tí ó yẹ kí àwa náà mú lò: ìyà kò mọ sí lílù àti èébú. Àìṣe ohun tí ó yẹ náà jẹ́ ìyà, bí ẹni tí ó fà á kò tilẹ̀ ní èrò ibi. Omi wà nínú ìkòkò, ọwọ́ ìyá kò tó o. Òùngbẹ kì í sì í gbẹ arúgbó bí ó ti ń gbẹ ọ̀dọ́. Ooru oṣù Ògún ọdún 2003 pa nǹkan bí 15,000 ènìyàn ní Fáransé, àgbà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ẹní, ó yẹ kí a máa yí i ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, egbò yóò yọ ní ìdí, ní ìbàdí àti ní gìgísẹ̀. Wọ́n máa ń ní kí a wo ibi tí ó bá pọ́n, ṣùgbọ́n pípọ́n kì í hàn dáadáa lára awọ dúdú. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bí ibẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó le ju àyíká rẹ̀ lọ, egbò ń bọ̀.

Èyí tí ó burú jù lójú mi ni ti ìyá tí ń rìn kiri lóru, tí ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ àìsàn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní démence ni ó ń ṣe é. Àdúgbò ní àjẹ́ ni ó ń jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò máa gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ sí.

N kò sọ èyí láti bú àwọn olùtọ́jú. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ròyìn pé méjì nínú mẹ́ta àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó jẹ́wọ́ pé àwọn hùwà àìdáa sí àgbà láàrin ọdún kan. Gbogbo wọn kò lè jẹ́ ìkà. Àárẹ̀ wà níbẹ̀. Nílé tiwa, a lè fi ọmọdébìnrin ọdún 15 ti ìyá àgbà: ó ń pọnmi, ó ń fọṣọ, ó ń jí lóru, kò sì sí ẹni tí ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá gbá ìyá létí, gbogbo ẹbí yóò pariwo. Mélòó nínú wọn ni ó ti sun ilé náà rí?

Nítorí náà, kí ẹbí tí ń dá owó máa dá ọjọ́ pẹ̀lú, kí olùtọ́jú lè rí oorun sùn. Kí a máa yà láìròtẹ́lẹ̀, ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó wẹ ìyá. Ẹ̀yin ọmọ lísẹ̀ tí ẹ ń lọ sí Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ fún ìsinmi, ojú yín ṣì mú: ẹ wo ẹ̀yìn wọn, obìnrin fún ìyá, ọkùnrin fún bàbá. Ẹ jẹ́ kí olùtọ́jú lọ sọ́jà ná. Lẹ́yìn náà, ẹ di fóònù náà mú fúnra yín, kí ẹ sì pe ẹni tí ó wà ní Libreville.