Òtútù Chicago: kí ló ṣe àwọn Tesla gan-an?

Fídíò àwọn ọkọ̀ oníná Tesla tó tò sórí ìlà níwájú ibùdó ṣáájì ní Chicago ti dé orí fóònù gbogbo wa tán. A ti rí awakọ̀ tó wé aṣọ òtútù mọ́ra, a ti rí ọkọ̀ tí ọkọ̀ mìíràn ń wọ́ lọ, a sì ti gbọ́ yẹ̀yẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ bẹntiróòlù. Ní Evergreen Park àti Oak Brook, lẹ́bàá Chicago, ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn kan lò lórí ìlà láàárín oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí òtútù já wálẹ̀ kọjá −18 lórí ìwọ̀n Celsius.

Ohun tí gbogbo ayé sọ nígbà náà ni pé òtútù ti pa bátìrì wọn. Bátìrì ò kú o. Iná ni kò lè gbà wọlé. Ọ̀tọ̀ ni kí bátìrì tú iná jáde, ọ̀tọ̀ ni kó gba iná sínú, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹjọ́ Chicago wà.

Nínú bátìrì ọkọ̀ oníná, àwọn èérún lithium ló ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nínú omi kẹ́míkà kan. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, wọ́n á kúrò lára graphite, ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù, wọ́n á kọjá sí òdìkejì. Bí a bá ki wáyà ṣáájì bọ ọkọ̀, wọ́n á padà wá kó sáàárín graphite náà, tó jẹ́ ìpele lórí ìpele. Ìjáde rọrùn. Ìwọlé ló le, nítorí pé omi kẹ́míkà yẹn máa ń rọ̀ mọ́ èérún lithium kọ̀ọ̀kan lára, èérún náà sì gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kúrò kó tó lè ráàyè wọ àárín ìpele. Ẹ fojú inú wo àlejò òde ìnáwó tó wọ agbádá ńlá, tí ẹnu ọ̀nà yàrá sì há: olúkúlùkù ní láti bọ́ agbádá kó tó wọlé. Nígbà ooru, kíá ni wọ́n ń bọ́ ọ. Nígbà òtútù, ọwọ́ wọn á wọ́. Bí ẹnì kan bá wá ń ti àwọn tó wà lẹ́yìn pé kí wọ́n yára, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn máa kó jọ sí.

Ìkójọ ẹnu ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ ń bẹ̀rù. Lithium tí kò ráàyè wọ inú graphite á di irin, á sì lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́, torí náà agbára bátìrì á dín kù títí láé. Èyí tó tún burú ni pé irin náà lè hu ẹ̀gún, kí ẹ̀gún náà sì gún awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó pààlà sáàárín apá méjèèjì bátìrì. Bí apá méjèèjì bá fi kanra, ó lè gbiná.

Ìtàn ẹ̀gún yìí ti pẹ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Stanley Whittingham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ epo Exxon ní Amẹ́ríkà, ṣe bátìrì kan tó fi lithium pọ́ńbélé ṣe apá kan rẹ̀. Bátìrì náà ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń gbiná. Àwọn panápaná pààrà yàrá ìwádìí wọn débi tí wọ́n fi halẹ̀ pé ilé iṣẹ́ náà ló máa san owó kẹ́míkà tí àwọn fi ń pa iná lithium. Ní 1980, John Goodenough àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford rí ohun tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún apá kejì bátìrì. Nígbà tó di 1985, Akira Yoshino ní Japan yọ lithium pọ́ńbélé kúrò pátápátá, ó fi èédú kan tó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá fọ epo rọ̀bì rọ́pò rẹ̀, kí èérún lithium lè máa wọ inú rẹ̀ kó sì máa jáde. Èyí ló mú kí Sony lè gbé bátìrì náà wá sọ́jà ní 1991. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, nígbà tí Goodenough ti pé ẹni ọdún 97. Ẹ ẹ̀ rí i pé ilé iṣẹ́ epo àti pàǹtí epo ló tọ́ bátìrì yìí dàgbà, òun kan náà ni wọ́n wá ní kó lé epo kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Chicago. Nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀gún yẹn, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í gbà kí iná rọ́ wọ bátìrì tó ti tutù. Ibùdó ṣáájì lè lágbára tó 250 kilowatt, díẹ̀díẹ̀ ni ọkọ̀ máa bu nínú rẹ̀, apá kan nínú èyí tó bù gan-an á sì kọ́kọ́ lọ sídìí mímú bátìrì gbóná. Awakọ̀ á jókòó níbẹ̀, á máa wo nọ́ńbà tí kò kúrò lójú kan, á sì gbà pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Lóòótọ́, ìròyìn fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ kan bàjẹ́. Àmọ́ èyí tí kò bàjẹ́ náà á dà bí èyí tó bàjẹ́ lójú ẹni tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún. Bí ọkọ̀ kan bá wá lo ìlọ́po mẹ́ta àkókò tó yẹ kó lò nídìí wáyà, ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń tan hítà, tí ìwọ̀nba iná tó kù nínú bátìrì wọn sì ń tán lọ.

Ohun kan náà ló fa àwọn ẹ̀sùn kéékèèké tí àwọn ọlọ́kọ̀ oníná máa ń rò nígbà òtútù. Àwòrán yìnyín aláwọ̀ búlúù á yọ lójú gíláàsì Tesla, á máa sọ pé apá kan iná tó wà nínú bátìrì ò tíì ṣeé lò àfi tí ara bátìrì bá yá. Bí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ọkọ̀ ò ní falẹ̀ bó ṣe máa ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí sì máa ń já ẹni tí kò mọ̀ láyà. Ìdí ni pé ìfalẹ̀ yẹn náà jẹ́ ṣáájì: ọkọ̀ ló ń sọ ìrìn padà di iná, bátìrì tutù kò sì fẹ́ iná. Àwọn tó ń ráhùn nígbà ooru pé ṣáájì ń falẹ̀ tó bá ti dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, mọ̀lẹ́bí ọ̀rọ̀ yìí ni tiwọn. Ìjókòó ti kún, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní láti wá àyè.

Ti pé ọkọ̀ kì í rìn jìnnà nígbà òtútù wá ńkọ́? Níbí yìí, bátìrì kọ́ ni olórí ọ̀daràn. Ní 2019, AAA, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní Amẹ́ríkà, dán ọkọ̀ oníná márùn-ún wò nínú òtútù tó tó −7 Celsius. Láìtan hítà, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n pàdánù nínú ibi tí wọ́n lè rìn dé. Nígbà tí wọ́n tan hítà, ó di ìdá 41. Ọkọ̀ bẹntiróòlù ń fi ọ̀pọ̀ epo rẹ̀ ṣòfò bí ooru, òfò yẹn ni wọ́n fi ń mú inú rẹ̀ gbóná lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ oníná kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò, torí náà owó ara rẹ̀ ló fi ń ra ooru. Àwọn tí wọ́n ṣe láìpẹ́ yìí, bíi Tesla Model Y láti 2020, ní heat pump tó ń fa ooru látinú afẹ́fẹ́ ìta, ó sì ń dín ìnáwó yẹn kù. Ooru ilẹ̀ wa náà ń jẹ nínú bátìrì, àmọ́ kò tó bẹ́ẹ̀: nígbà tí AAA dán wọn wò ní 35 Celsius pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù, ìdá 17 ni wọ́n pàdánù.

Norway náà tutù, síbẹ̀ ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tà níbẹ̀ ní 2023 ló jẹ́ oníná. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba ṣáájì nílé mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á fi iná ilé mú ọkọ̀ gbóná kí wọ́n tó yọ wáyà. Ní tèmi, ibi tí ọkọ̀ ń sùn ló fa ìlà Chicago ju òtútù lọ. Ní 2021, Uber àti Hertz, ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ háyà, ṣe àdéhùn láti fi Tesla tó tó 50,000 háyà fún awakọ̀ Uber, kó tó di 2023. Ẹni tó háyà yàrá, tó tún háyà ọkọ̀, tó sì ń gbé ọkọ̀ sẹ́bàá títì, ibo ló ti máa rí wáyà? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń wa Uber nílùú yẹn mọ ọ̀rọ̀ yìí ju èmi lọ. Ọjọ́ díẹ̀ kí òtútù náà tó dé ni Hertz kéde pé òun máa ta 20,000 nínú ọkọ̀ oníná òun, ó ní owó àtúnṣe ti pọ̀ jù.

Ẹni tó bá ti ní ọkọ̀ oníná, kó tó gbéra lọ sí ibùdó ṣáájì, kó kọ́kọ́ tẹ orúkọ ibùdó náà sínú máàpù ọkọ̀, kódà bó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ dunjú. Bí ọkọ̀ bá mọ̀ pé ṣáájì ni wọ́n ń lọ gbà, á bẹ̀rẹ̀ sí í mú bátìrì gbóná lójú ọ̀nà. Kó má sì dúró dìgbà tí iná bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí ìgbóná yẹn náà ń jẹ iná.

Ẹni tí kò tíì rà ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, òfin Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, ti sọ ọ́ di dandan pé ilé tuntun tó bá ní ibi ìgbọ́kọ̀sí gbọ́dọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ fún ṣáájì ọkọ̀ oníná. Òfin náà kò kan àwọn ilé àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ń gbé. Ẹ bi onílé yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé ọkọ̀.