Ẹ̀mí Gígùn àti Ara Líle: Kí Ni Ipò Fi Ṣe?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí àwọn àgbà wa bá ń súre, wọn kì í dúró lórí "ẹ̀mí yín á gùn". Wọ́n á fi kún un pé "ara yín á sì le". Nǹkan méjì ni wọ́n ń tọrọ. Ẹni tó lo 80 ọdún láyé, tó fi 20 tó kẹ́yìn ṣàìsàn, 60 ọdún péré ló fi gbádùn ara rẹ̀.

Ìwádìí tí Michael Marmot gbé jáde ní 2010 ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àwọn ará àdúgbò tálákà jù lọ ń fi ọdún 7 ṣáájú àwọn ará àdúgbò olówó kú. Àmọ́ ní ti ọdún tí èèyàn fi wà láìsí àìlera tó ń dí i lọ́wọ́, ọdún 17 ni ìyàtọ̀ wọn!

Kí ló fà á? Àkọ́kọ́ ni ohun tí iṣẹ́ ń ṣe fún ara. Ẹ wo Blackley, ní àríwá Manchester níbí. (Ẹ má kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́ o, "Bléékìlì" là ń pè é.) Ní 1865 ni Ivan Levinstein gbé iṣẹ́ aró rẹ̀ wá síbẹ̀. Kì í ṣe aró ẹ̀lú bíi ti àwọn ìyá aláró Abẹ́òkúta. Kẹ́míkà ni, láti ara èédú. Ní 1954, R. A. M. Case àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé, káàkiri àwọn ilé iṣẹ́ aró Bìrìtéènì, jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ń pa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú kẹ́míkà bíi benzidine ju àwọn ará ìlú yòókù lọ fíìfíì. Ẹni tó ń po aró ló ń fara gbá a, kì í ṣe ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì.

Ìkejì ni ipò fúnra rẹ̀. Láti 1967 ni wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní Whitehall, London. Kò sẹ́ni tó ń po aró níbẹ̀. Síbẹ̀, àrùn ọkàn ń pa àwọn tó wà nípò ìsàlẹ̀, bí ońṣẹ́ àti aṣọ́nà, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọ̀gá àgbà. Sìgá mímu nìkan kò tó ṣàlàyé rẹ̀. Ìwádìí kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, fi hàn pé àìláṣẹ lórí iṣẹ́ ẹni wà lára ohun tó ń fà á.

A máa ń sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wò ó: ọrọ̀ náà ń ṣe oògùn ìlera. Nítorí náà, bí màmá tàbí dádì yín bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tẹ́ ẹ kí wọn pé "ẹ kú iṣẹ́", ẹ má jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni iṣẹ́ yìí ń fi ara yín ṣe?" Kẹ́ ẹ wá kọ èsì wọn wá fún mi ní Yorùbá.