Irúgbìn Tí Kì Í Gba Àkọ́rọ̀ Gbọ́

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní oko àgùntàn kan ní ìhà gúúsù Ọsirélíà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ba odindi pápá kan jẹ́, nítorí mo rò pé mo gbọ́n ju irúgbìn lọ.

Lọ́hùn-ún, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀ẹ̀rùn a dé, gbogbo koríko a sì gbẹ. Ewéko kan tí wọ́n ń pè ní clover abẹ́lẹ̀ ni àgùntàn wọn ń jẹ. Ìbátan ẹ̀wà ni. Agbègbè òkun Mẹditaréníà ni ó ti wá. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Amos Howard, nítòsí Mount Barker, ni ó ṣàkíyèsí ìwúlò rẹ̀ ní 1889, tí ó sì tì í síwájú àwọn àgbẹ̀ yòókù. Bí ó bá tanná tán, a tẹ orí ba, a ri èso rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹ̀pà. Ìyá a kú, irúgbìn a kù.

Ní oṣù keje kan, mo rẹ díẹ̀ nínú irúgbìn tí a fi ọwọ́ ṣà pamọ́ sínú ilé. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, ọ̀pọ̀ jù lọ kò tilẹ̀ wú. Mo ní, "Bàbá, òkú irúgbìn nìyí o." (Bàbá ni mo ń pe olóko náà, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, èmi kò lè ṣe é.) Ó rẹ́rìn-ín, ó mú pépà tí káfíńtà fi ń họ pákó, ó fi ra díẹ̀ lára. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ti wú. Kò pẹ́ wọ́n hù.

Èèpo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí omi wọlé. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ilẹ̀ lè gbóná tó ìwọ̀n 60 Celsius lọ́sàn-án, kí ó tutù dé 15 lóru. Gbígbóná àti títutù yìí, lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, ni ó ń la ibi kékeré kan lẹ́bàá ìdodo irúgbìn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń là lọ́dún kan náà. Òjò lè ṣèèṣì rọ̀ ní oṣù kejì. Èyí tí ó bá hù, oòrùn a pa á. Àwọn tí èèpo wọn ṣì le a dúró. Bàbá tí ó bí mi lọ́mọ ti gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan nítorí àkọ́rọ̀ tó tàn án.

Ní oṣù kọkànlá, Bàbá rìnrìn àjò. Mo gun kátakátá, mo tú pápá kan jinlẹ̀jinlẹ̀, mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́. Irúgbìn lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ooru ọ̀sán àti òtútù òru kò ti fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí òjò dé, pápá gbogbo tutù yọ̀yọ̀, tèmi pupa bí ojú ọ̀nà. Àwọn abo àgùntàn ti ń bímọ, oúnjẹ kò tó. Ó di dandan kí Bàbá ta méjìlélógún lára wọn ní owó pọ́ọ́kú. Kò bú mi. Ìyẹn ni ó dùn mí jù.

Ní oṣù kẹfà a tún ilẹ̀ náà tú, a gbin àlìkámà. Irúgbìn padà sókè, ẹ̀ẹ̀rùn tún lù wọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún kejì, ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn òjò ńlá, Bàbá kàn ilẹ̀kùn mi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó ní kí n wọ bàtà kí n wá wo pápá mi.