Eré-ìje kẹ̀kẹ́ Llangollen sí Wolverhampton

Eré-ìje kẹ̀kẹ́ Llangollen sí Wolverhampton jẹ́ ìdíje ojú pópó tí Percy Stallard ṣètò ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1942 ní ilẹ̀ Bìrìtìkó. National Cyclists' Union ti ka irú eré bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ tipẹ́, nítorí ìbẹ̀rù pé ìjọba lè fòfin de kẹ̀kẹ́ pátápátá. Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò wá ń tú eléré sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìdájí, nínú aṣọ dúdú. Aago ló ń sọ ẹni tó yára jù. Stallard gba ìyọ̀nda àwọn ọlọ́pàá, àwọn eléré sì jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Eré tí ọlọ́pàá fọwọ́ sí ni ẹgbẹ́ eléré fúnra wọn kọ̀: wọ́n yọ Stallard lẹ́gbẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni òun àti àwọn mìíràn dá British League of Racing Cyclists sílẹ̀. Ọdún 1959 ni ẹgbẹ́ méjèèjì tó di ọ̀kan.