Kílò Mélòó Lẹ Gbé Gan-an? Ohun Tí Ẹ̀rọ Jíìmù Kì Í Sọ

Láti ìgbà tí Hafþór Björnsson, òmìrán ará Iceland nì, ti gbé irin 510 kg kúrò nílẹ̀ ní Birmingham ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ọ̀rọ̀ agbára ti gba ẹnu àwọn tó ń lọ sí jíìmù kan. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ ọ́, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní òun náà ń fẹsẹ̀ ti 400 kg lórí leg press. Onítọ̀hún lè má purọ́ rárá. Irin tó kó sórí ẹ̀rọ lè pé 400 kg lóòótọ́. Àmọ́ 400 kg orí ẹ̀rọ àti 400 kg tí èèyàn fọwọ́ gbé nílẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ẹni tó ń lo leg press máa ń fẹ̀yìn ti ìjókòó, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé pátákó irin tó wà lókè, á wá máa tì í lórí ojú irin méjì tó dagẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ló dagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 45. Àwọn tó ń yí dúrọ́ọ̀mù epo gun ọkọ̀ akẹ́rù mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbé pákó ti ẹ̀yìn ọkọ̀: pákó náà ń bá wọn ru apá kan nínú ìwúwo dúrọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ kan náà ni ojú irin leg press ń ṣe. Ní dígírì 45, nǹkan bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ló kù fún ẹsẹ̀ láti tì, nítorí náà 400 kg di nǹkan bí 283 kg.

Ìṣirò náà kò tán síbẹ̀. Pátákó irin tí à ń tì ní ìwúwo tirẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì í kà á mọ́ ọn. Irin tún ń ha irin lára: bí ẹrù bá ń gòkè, híha yẹn ń dá kún un, bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá èèyàn dá a dúró.

Àpẹẹrẹ tó là á yé jù lọ ni ti Ronnie Coleman, ọlọ́pàá ará Texas tó gba ìdíje bodybuilding Mr. Olympia lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín ọdún 1998 sí 2005. Nínú fídíò tó ṣe lọ́dún 2003, ó fẹsẹ̀ ti nǹkan bí 1,043 kg lórí leg press lẹ́ẹ̀mẹjọ. Nínú fídíò yẹn kan náà, ó gbé irin nǹkan bí 363 kg lé èjìká, ó sì fi lóṣòó lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹsẹ̀ kan náà ni, àsìkò kan náà ni, síbẹ̀ nọ́ńbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èkejì. Ìdagẹ̀rẹ̀ ṣàlàyé apá kan. Apá kejì ni pé ẹni tó ń lóṣòó ń gbé ara tirẹ̀ mọ́ irin, ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró gbọin, nígbà tí ìjókòó ẹ̀rọ ń ṣe èyí fún ẹni tó wà lórí leg press. Apá kẹta ni bí orúnkún ṣe tẹ̀ tó, nítorí ẹni tó bá tẹ orúnkún díẹ̀ lè ti ẹrù tí kò ní lè mì bó bá tẹ̀ ẹ́ dé àyà.

Ìdí rèé tí ariwo fi pọ̀ lọ́dún 2006, nígbà tí ìkànnì Christian Broadcasting Network kéde pé olùdásílẹ̀ rẹ̀, oníwàásù Pat Robertson, fẹsẹ̀ ti 2,000 pọ́n-ùn, ìyẹn nǹkan bí 907 kg. Ẹni ọdún 76 ni nígbà náà, wọ́n sì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ohun mímu kan tó ń polówó. Clay Travis, akọ̀ròyìn eré ìdárayá, fi í wé àkọsílẹ̀ Florida State University, níbi tí Dan Kendra, ọ̀dọ́mọkùnrin agbábọ́ọ̀lù, ti ti 1,335 pọ́n-ùn, nǹkan bí 606 kg, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sì bẹ́ sí i lójú. Ká ní àwo irin 45 pọ́n-ùn ni wọ́n lò fún Robertson, ó máa lé ní 44. Kò sí ìdí láti sọ pé baba náà kò ti nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kó lágbára ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò ti ọ̀dọ̀ adájọ́ wá, tí a kò sì mọ bí orúnkún ṣe tẹ̀ tó nígbà tí wọ́n kà á, ṣòro láti gbà.

Lórí ẹ̀rọ olókùn, nǹkan tún yí padà. Bí okùn bá gba orí kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan, ìwúwo kì í yí padà. Ojú ibi tí à ń fà sí nìkan ló yí. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ń bá ẹrù rìn, ìwúwo á pín sí méjì, ọwọ́ á sì rin ìlọ́po méjì ọ̀nà tí ẹrù rìn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olókùn alápá méjì ni wọ́n ṣe báyìí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ki pín-ìn-nì sí 50 ń fa 25 kg péré. Arthur Jones ará Amẹ́ríkà lọ jìnnà ju èyí lọ: láti ọdún 1970 tó ti ń ta ẹ̀rọ Nautilus, kẹ̀kẹ́ tí kò rí róbótó ló fi sí wọn, kí ẹrù lè máa le, kó sì máa rọ̀, bí ọwọ́ ṣe ń tẹ̀ tó sì ń nà. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, “kílò mélòó ni?” kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ ju jíìmù ìgbàlódé lọ. Ní ìdíje Olympics Melbourne lọ́dún 1956, Paul Anderson ará Amẹ́ríkà àti Humberto Selvetti ará Ajẹntínà gbé iye kan náà, 500 kg lápapọ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gùn ló dá ẹjọ́ wọn: Anderson ló fúyẹ́ jù, òun ló gba góòlù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Toccoa nílùú rẹ̀, wọ́n ní ó fi ẹ̀yìn gbé tábìlì ẹrù 2,844 kg. Ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Ó jọ pé ẹrù náà wúwo gan-an, ó sì jọ pé kò kúrò níbi tó wà ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Agbára Anderson kò sí lábẹ́ iyèméjì. Òṣùwọ̀n ọjọ́ yẹn ni kò dáni lójú.

Ẹ fi èyí wé 167 kg tí Folashade Oluwafemiayo ọmọ Nàìjíríà fi ṣe àkọsílẹ̀ tuntun lágbàáyé ní Paralympics Paris 2024. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, irin gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí àyà, kí apá méjèèjì sì nà tán pọ̀, lójú adájọ́ mẹ́ta. Nínú ìdíje powerlifting àgbáyé, àwo irin kan kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Björnsson pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn: ní Iceland, nínú jíìmù tirẹ̀, ló ti gbé 501 kg lọ́dún 2020, Eddie Hall tó ti gbé 500 kg ní Leeds lọ́dún 2016 sì yarí pé kì í ṣe inú ìdíje. Okùn tí Björnsson sì fi so ọwọ́ mọ́ irin, wọ́n gbà á láyè nínú ìdíje àwọn alágbára, wọn kì í gbà á nínú powerlifting.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ olókùn jíìmù rẹ̀ ń fún un lè mú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò ìrìn-àjò, kó fi kọ́ ìdí okùn, kó sì fà á díẹ̀díẹ̀, kó ka nọ́ńbà bó ṣe ń fà á, kó tún kà á bó ṣe ń dá a padà. Agbedeméjì nọ́ńbà méjèèjì ló sún mọ́ ẹrù tí ọwọ́ ń gbé. Irin tó ń ha ara wọn ló fa ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.