Ètò Ẹ̀kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Ní Ìpèníjà Ìwé Kíkà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, "olódo" ni wọ́n ń pe ọmọ tí kò lè kàwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àtúnkọ́ kíláàsì ni ó sì sábà máa ń tẹ̀ lé orúkọ burúkú yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà lè máa pa àlọ́ láìṣìṣe, kí ó sì mọ ṣẹ́ńjì í ṣírò lọ́jà. Síso lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró ni ó ń dà á láàmú, kì í ṣe àìlọ́pọlọ.

Kí ètò kankan tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ èdè. Ọmọ tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ nílé, tí a wá fi Gẹ̀ẹ́sì dán wò, lè jọ ẹni tí kò lóye. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6, fi hàn pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, Yorùbá ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi dán an wò. Ǹjẹ́ ó lè pín "bàtà" sí sílébù méjì? Ǹjẹ́ ó lè ka "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Bí etí rẹ̀ bá mọ ìyàtọ̀ wọn tí ojú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n nínú ìwé, a ti rí ibi tí iṣẹ́ wà. (Ọmọ kò kúkú jẹ̀bi bí ìwé tí a gbé fún un kò bá ní àmì ohùn.)

Ètò náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, kí òbí sì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe é. "Yóò gbìyànjú sí i" kì í ṣe ètò. "Kí sáà yìí tó parí, yóò lè dá ka ọ̀rọ̀ onísílébù méjì 20" ni ètò. Kí a kọ orúkọ olùkọ́ tí yóò máa fi ìṣẹ́jú 15 kọ́ ọ lójoojúmọ́ sí i. Nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti àwọn mìíràn, kí ó máa fi ẹnu dáhùn ìbéèrè, kí àìmọ̀wéékà má baà bo ìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ìparí sáà, kí a ka ọ̀rọ̀ 20 náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, ọ̀nà ìkọ́ni ni kí a kọ́kọ́ yí padà, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àtúnkọ́ kíláàsì.