Ìgangan: Ibi Tí Ó Wọ̀lú ní Òru, àti Ohun Tí Àlàáfíà Ń Béèrè

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sùn, àwọn oníbọn gun alùpùpù wọ ìlú Ìgangan ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, ènìyàn mọ́kànlá, ó kéré tán, ti kú. Iná ti jó ààfin Aṣígangan, ó ti jó ilé epo, ilé gbígbé, ìsọ̀ àti ọkọ̀. Àwọn tí ó sá wọ igbó padà wá bá eérú.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè pé irú ọkàn wo ni ó wà nínú àwọn tí ó ṣe é. Àwọn àgbà wa kò ka ìbínú àti ìkà sí ohun kan náà. Ìbínú a máa ru bí omi gbígbóná, a sì máa rọlẹ̀. Ẹni tí ó fi ìbínú gbé igi lu ẹnì kejì rẹ̀ lè ti kábàámọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó padà sílẹ̀. Ìkà a máa jókòó ro ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kó ìbọn jọ, tí ó pe ẹgbẹ́, tí ó wá alùpùpù, tí ó sì dúró de òru kí ó tó wọ ìlú tí ọmọdé ń sùn sí, kì í ṣe inú nìkan ni ó ń bí i. Ó ti pète. Ohun tí a bá sì pète ní ẹni tí ó pète rẹ̀: ó ní orúkọ, ó ní ibi tí ó ti rí ìbọn, ó ní ọ̀nà tí ó gbà wọlé àti èyí tí ó gbà jáde. Kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn tí afẹ́fẹ́ gbé wá, kì í sì í ṣe àbùkù tí ẹ̀yà kan bí mọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìgangan jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú tí à ń pè ní Ìbàràpá Méje. Àwọn yòókù ni Igbó-Ọrà, Èrùwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀ àti Tápà. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni, ilẹ̀ ẹ̀gúsí, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Koríko rẹ̀ náà dára fún màlúù, nítorí náà ni àwọn darandaran Fúlàní ṣe ń bẹ níbẹ̀ láti ayé àwọn baba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bí síbẹ̀, tí wọ́n ń sọ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ará Ìbàràpá ti ń sọ ọ́, tí àwọn obìnrin wọn sì ń gbé igbá wàrà lọ sọ́jà.

Gbólóhùn asọ̀ láàárín oko àti agbo màlúù kì í ṣe ohun tuntun. Ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ gbìn, tí ó dúró tì fún ọdún kan, lè parẹ́ sẹ́nu màlúù ní òru ọjọ́ kan. Níbi tí ìlú bá tòrò, baálẹ̀ àti Sẹ́ríkí a jókòó, wọn a lọ wo oko náà, olówó màlúù a sì san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó náà di fònídónìí-fọ̀ladọ́la, tí àgbẹ̀ ń ti àgọ́ ọlọ́pàá bọ̀ lọ́wọ́ òfo, tí àwọn ajínigbé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dènà de ènìyàn lójú ọ̀nà oko, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ẹ̀gẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n pa Ọ̀mọ̀wé Fàtáì Abóròdé, àgbẹ̀ ńlá kan tí oko rẹ̀ wà ní agbègbè Ìgangan. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Sunday Adéyẹmọ, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sunday Ìgbòho, fún àwọn Fúlàní ibẹ̀ ní ọjọ́ méje kí wọ́n fi kó kúrò. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, iná jó ilé àti ọkọ̀ Sẹ́ríkí Fúlàní, Sàlíù Abdulkadir, òun àti ìdílé rẹ̀ sì sá kúrò nílùú. Oṣù márùn-ún kò tíì pé tí àwọn oníbọn fi dé. Àwọn ará ìlú sọ pé darandaran Fúlàní ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ka ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀san.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a rọra tẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní tí ó lè sọ ìpànìyàn oṣù kẹfà di ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó ń sùn lórí ẹní rẹ̀ kò sun ilé ẹnikẹ́ni. Bákan náà, iná oṣù kìíní kò mú ajínigbé kan ṣoṣo. Àwọn tí a mọ ilé wọn ni ó lé lọ. Ẹni tí ó fi igbó ṣe ibùba kò ní ilé tí a lè sun. Darandaran àtijọ́ tí ó mọ gbogbo ipa ọ̀nà màlúù, tí ó lè wí fún baálẹ̀ pé àwọn tí ó kọjá lánàá kì í ṣe ará ibí, bá wọn lọ. Àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó wá fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan dá gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lẹ́bi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rárá.

Ta wá ni ó yẹ kí ó dáàbò bo ìlú? Ìbéèrè yìí ni ó ń bí àwọn ará abúlé nínú jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó sì wà. Gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nnà lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbé àṣẹ náà lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ. Nítorí irú èyí ni àwọn gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣe dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ ọ́ di òfin ní oṣù kẹta ọdún kan náà. Àwọn ọdẹ pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì mọ igbó. Wọ́n lè mú afura-sí, kí wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni òfin ìbọn wà, nítorí náà ìbọn ọdẹ ni tiwọn, nígbà tí àwọn apààyàn ń gbé ìbọn arọ̀jò-ọta. Gómìnà Ṣèyí Mákindé lọ sí Ìgangan lẹ́yìn ìpakúpa náà, ó sì gba ẹ̀bi àléébù ètò ààbò sí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni, ṣùgbọ́n baálé ilé tí ó gbà pé òun ni òun kò ti ilẹ̀kùn ṣì ní láti lọ ra àgádágodo.

Apá kan wà lọ́wọ́ ará ìlú. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ní láti sọ ọ́ bí ó ti rí i gan-an: agogo mélòó ni, alùpùpù mélòó, apá ibo ni wọ́n kọrí sí, kí ni wọ́n rù. Ẹni tí ó bá sáré wá wí pé "Fúlàní ti dé" kò tíì sọ ohun tí ẹ̀ṣọ́ lè fi ṣiṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ àwọn tí ó ń kó màlúù lọ sọ́jà ni ó rí.

Àwọn kan rò pé àlàáfíà túmọ̀ sí kí a dákẹ́, kí a gbàgbé. Kí wọ́n rántí ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, kì í ṣe "ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀" ni wọ́n wí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ yóò wà ní òmìnira ara wọn; wọ́n dárúkọ Ọ̀tan, Ìrèsì, Adà àti Ìgbájọ pé ti Ìbàdàn ni wọn yóò jẹ́, wọ́n sì gba ará ibẹ̀ tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ láàyè láti kó lọ. Síbẹ̀, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó. Nǹkan bí ọdún méje ni ó wà láàárín ìwé àti ìdákẹ́ ìbọn.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni oko àti agbo ń fẹ́. Láti ọdún 2019 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní òfin tí ó de fífi màlúù jẹko ní gbangba, àwọn gómìnà gúúsù sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ náà ní Àsàbà ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí ikọlù Ìgangan ku oṣù kan ó dín díẹ̀. Òfin tí kò ní ẹni tí yóò mú un ṣẹ kò yàtọ̀ sí ọgbà tí kò ní ẹnu ọ̀nà. Àgbẹ̀ tí màlúù bá jẹ oko rẹ̀, kí ó má ṣe ṣá màlúù náà. Kí ó pe ẹlẹ́rìí méjì, kí ó ka ebè tí ó bàjẹ́, kí ó mú baálẹ̀ dé ibẹ̀ kí òjò tó pa ẹsẹ̀ màlúù rẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oko tí a wọ̀n àti oko tí a kàn ń ké lé lórí pọ̀ gan-an níwájú ẹni tí yóò san owó.

Ní ọdún kan géérégé lẹ́yìn òru Ìgangan, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn oníbọn kọlu àwọn olùjọsìn nínú ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nǹkan bí ogójì ènìyàn sì kú. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé ọkùnrin márùn-ún dé iwájú adájọ́ ní Àbújá lórí ọ̀ràn náà. Orúkọ ènìyàn márùn-ún ni a kọ sínú ìwé ẹ̀sùn. Kò sí orúkọ ẹ̀yà kankan níbẹ̀. Wọ́n bi wọ́n bí wọ́n bá jẹ̀bi. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀.